Ẹyin Ló Ń Di Àkùkọ

Owó àgbébọ̀ mẹ́fà ni mo gbà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin, lórí òròmọdìyẹ tí kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láyé. Mo kọ orúkọ àwọn tó sanwó sínú ìwé. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún wọn pé abo ni gbogbo èyí tí mo so òwú pupa mọ́ lẹ́sẹ̀, pé tó bá fi máa tó oṣù márùn-ún, ẹyin ni wọn á máa kó láràárọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ lónìí pé ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọ ilé ara mi, ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ohun tó dé náà ni mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹyin ló wọ́n tí orí mi fi dàrú. Mo ní ṣebí ìyá mi ń sin adìyẹ ìbílẹ̀ sẹ́yìn ilé wa ní Àpáta, n'Ìbàdàn, aládùúgbò wa kan sì ti ta adìyẹ Isa Brown mẹ́ta fún un nígbà tó ń kó kúrò, àkùkọ kan ṣoṣo tó wà nílé ló sì ń ṣe ọkọ gbogbo wọn. Kí ló tún kù? Ìgbà tí adìyẹ máa sàba ni mi ò ní sùúrù láti dúró dè. Mo gbé kúlà kan tó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi gílóòbù méjì sí i, mo gbé abọ́ omi sísàlẹ̀ kí inú rẹ̀ má baà gbẹ, mo ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru ní kẹ́míìsì, mo wá ń ṣọ́ ọ kó má kúrò ní 37.5. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ ń lò. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ ni mò ń yí wọn padà títí di ọjọ́ kejìdínlógún. Bí àwọn oníná bá ti mú iná wọn lọ, màá rọ omi gbígbóná sínú ìgò, màá tò ó yí ẹyin ká, màá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo kúlà náà bí ọmọ tuntun. Ìyàwó mi ní nígbà tí òun bí ìbejì, òun ò rí irú ìtọ́jú báyìí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹyin kankan tó wọ kúlà. Màámi ló sọ fún mi pé ẹyin tí orí ẹ̀ bá ṣe ṣóńṣó, akọ ló wà níbẹ̀; èyí tó bá rí roboto, abo ni.

"Ta ló sọ fún yín, Màámi?"

"Ìyá mi ni."

Ta ló fẹ́ bá ìyá ìyá rẹ̀ jiyàn nínú sàréè? Kíréètì kan ni mo fẹ́ tò, mo sì ṣa ẹyin bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, roboto nìkan. Ogún ni mo rí ṣà nílé. Mo bá lọ ra mẹ́wàá sí i ní ṣọ́ọ̀bù oríta. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí wọn lábẹ́ lóru: ogún ti ilé ti so iṣan pupa wẹ́wẹ́, mẹ́wàá ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ roro bí omi ẹ̀rọ. Adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹyin títà kì í fojú kan àkùkọ. Mo gbàgbé. Ìyàwó mi yọjú wò wọ́n, ó ní, "Bàbá Ìbejì, àwọn wọ̀nyí ńkọ́, ta ni bàbá wọn?"

Ìyà ọ̀rọ̀ ṣóńṣó àti roboto yìí ò sì jẹ èmi nìkan. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì tó ti lo ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ nínú sàréè, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹyin gígùn tó ṣe ṣóńṣó ló ń di abo, pé roboto ló ń di akọ. Ìgbà tó yá, Columella ará Róòmù, tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ oko, ní rárá o, òdìkejì ni. Ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ìyá ìyá mi ló wà. Àwọn méjèèjì ò lè jàre pọ̀, àmọ́ wọ́n lè jẹ̀bi pọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Adìyẹ ti parí ọ̀rọ̀ akọ àti abo kí èèpo tó bo ẹyin rárá. Nǹkan bí ogún wákàtí tó kẹ́yìn nínú ìyá ni èèpo fi ń di líle, aṣọ lásán ni. Ọ̀dọ̀ ìyá sì ni ọ̀rọ̀ náà wà, kò sí lọ́wọ́ àkùkọ. Àwa ọmọ ènìyàn ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ bàbá ni tiwa wà. Àwọn ìyá ọkọ tó ń bú ìyàwó pé obìnrin ṣáá ló ń bí, ọ̀rọ̀ adìyẹ ni wọ́n ń sọ tí wọn ò mọ̀.

Ẹnì kan ló tún sọ fún mi pé kí n fi òwú so òrùka, kí n dì í mú sókè ẹyin: bó bá ń yí po, abo, bó bá ń lọ tó ń bọ̀, akọ. Mo dúró kí ìyàwó mi wọ ilé ìwẹ̀, mo mú òrùka rẹ̀ lórí tábìlì. Òrùka yí po lórí ẹyin kìíní. Ó yí po lórí èkejì. Ó yí po lórí mẹ́tàlá, inú mi sì ń dùn pé agbo abo ni mo kó jọ. Mi ò kíyè sí fáànù tó ń yí lókè orí mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rántí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì tó ń mi ògiri wa. Lórí ẹyin kẹrìnlá, òwú já, òrùka já bọ́, ẹyin fọ́.

"Òrùka ìgbéyàwó mi lẹ fi ń yẹ oyún adìyẹ wò?"

Mi ò rí èsì kankan fọ̀.

Nínú mọ́kàndínlógún tó kù, mẹ́ta kú sínú èèpo, mẹ́rìndínlógún pa. Mo gbàgbé gbogbo ìyà. Ohùn òròmọdìyẹ lóru nínú kúlà, kò sí orin tó tó o.

Ibí ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta òròmọdìyẹ ti wá fi ìmọ̀ gidi kún àìmọ̀ mi. Ó ní kí n na apá wọn ní ọjọ́ kìíní: bí ìyẹ́ ibẹ̀ bá gùn-kúrú-gùn-kúrú, abo ni, bó bá dọ́gba, akọ ni. Ó ní Isa Brown rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti pa, abo á pọ́n, akọ á funfun. Òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tí kò sọ, tàbí tó sọ tí mi ò gbọ́ nítorí pé mo ti ń ṣírò owó, ni pé ìyẹ́ apá ò ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá dìídì fi àkùkọ tí ìyẹ́ rẹ̀ ń tètè hù gun abo tí tirẹ̀ ń pẹ́, tí àwọ̀ náà sì ń wá láti ara àkùkọ pupa àti abo funfun tí wọ́n ṣà pọ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ọmọ ló ń fi hàn, kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ. Ní ẹ̀yìnkùlé wa ńkọ́? Ta ló mọ ẹni tó fẹ́ ẹni? Mo sáà da ìyẹ́ pọ̀ mọ́ àwọ̀, mo so òwú pupa mọ́ mẹ́sàn-án lẹ́sẹ̀, mo so dúdú mọ́ méje. Lọ́sẹ̀ kejì, àwòdì gbé olówùú dúdú kan lọ. Òun nìkan ni ẹnikẹ́ni ò tíì bá mi jà lé lórí.

Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí owó ti wọlé. Lóru ọjọ́ kẹta, mo pinnu láti wo ìdí wọn. Àwọn ará Japan ló gbé ọgbọ́n yìí jáde. Nígbà tó fi máa di ọdún 1933, ìwé tí Masui àti Hashimoto kọ lórí rẹ̀ ti wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn á rọra tẹ ìdí òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan, wọn á wá kókó kan níbẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á yẹ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan wò ní wákàtí kan, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í. Ó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, àní ọdún, kí ọwọ́ ènìyàn tó mọ́. Èmi wo fídíò oníṣẹ́jú mẹ́rin.

Mo wọ gíláàsì, mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, mo dorí òròmọdìyẹ kodò. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń wá nídìí adìyẹ láago méjìlá òru?"

"Mo ń wò ó bóyá akọ ni."

"Ẹ sì rí i?"

"Ó ṣu sí mi ní gíláàsì."

Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín ní yàrá títí oorun fi gbé e lọ. Òròmọdìyẹ yẹn ò lè dìde dáadáa fún ọjọ́ méjì, ẹ̀rù ara mi sì bà mí. Bí ẹ ò bá kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má tẹ ìdí ọmọ ọlọ́mọ. Ìfun ń bẹ níbẹ̀.

Ká ní mo ní sùúrù ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ péré ló kù. Nígbà yẹn, ogbe akọ á ti máa pọ́n, á máa ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ki. Bó bá tún yá díẹ̀, ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ á ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, á ṣe ṣóńṣó. Mo rí ogbe pupa lórí àwọn olówùú pupa mi lóòótọ́. Mo ní oúnjẹ tí mò ń fún wọn ló dára. Lọ́sẹ̀ keje, mo kó wọn fún àwọn tó ni wọ́n.

Alhaja ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ló kọ́kọ́ pè mí, ilẹ̀ ò tíì mọ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìdájí o. Àgbébọ̀ yín ń pe ìrun."

"Báwo, Alhaja?"

"Ó ti ṣáájú ládàánì."

Ohùn rẹ̀ ha, bí ọmọdé tó ń kọ́ fèrè, mo gbọ́ ọ lórí fóònù. Mo ní abo mìíràn máa ń kọ, èyí tí kì í ṣe irọ́, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Alhaja ní méjèèjì tí òun rà ló ń kọ, wọ́n sì ń dáhùn ara wọn. Lọ́jọ́ kẹta, télọ̀ gbé tirẹ̀ dé nínú páálí, kò sọ̀rọ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó na ọwọ́ fún owó rẹ̀. Ti tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló dùn mí jù, torí ó kọ́ mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wò mí lókè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò gbọ́ rí pé ẹyin ló ń di àkùkọ ni?" Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà. Òwe ni mo pè é, mi ò mọ̀ pé ìròyìn ni.

Mo ti gbé olówùú dúdú méjì lọ fún bàbá ìyàwó mi n'Ísẹ́yìn, pé àkùkọ ọdún nìyí. Nígbà tí adìyẹ yẹn pé oṣù mẹ́fà, bàbá pè.

"Ọkọ ọmọ mi, o ṣeun o. Àkùkọ rẹ ti yé."

"Ẹ̀ẹ́n, sà?"

"Ó pé mẹ́ta lónìí. Èkejì náà ń wá ibi tó máa yé sí."

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ báyìí. Nínú olówùú pupa mẹ́sàn-án, àkùkọ méje. Nínú dúdú mẹ́fà tí àwòdì fi sílẹ̀, abo mẹ́rin. Mẹ́rin péré ni mo gbà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ká ní mo ti ojú sílé, tí mo sì ń ju náírà onírin sókè, mi ì bá gbà tó méje. Mo ti dá owó àwọn ènìyàn padà, àfi ti Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì tó ní òun ń gbàdúrà sí i.

Àkùkọ mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀, Kérésìmesì sì ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó wá ní ìdájí nígbà tí wọ́n bá ń kọ, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní èmi ni mo sọ fún un pé akọ ni wọ́n.