Oríkì Toro, Akọ Màlúù Abìwo-má-fi-kàn

Mo júbà o. Mo júbà àwọn tó dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Torino, Toro wa, sílẹ̀ ní 1906. Mo júbà Curva Maratona, níbi tí ọ̀fun àwọn olólùfẹ́ Toro ti ń gbẹ kí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú tó pé. Mo júbà Juventus náà, Ìyá Àgbà tó wọ aṣọ abilà dúdú òun funfun. Ìyá, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ ni mo wá kì lónìí. Ife kún ilé yín, ẹ ò wá akígbe. Ẹni tí ife kò sí nílé rẹ̀ ni oríkì yẹ.

Toro, dìde dúró kí n kì ọ́ dáadáa.

Toro, akọ màlúù aláwọ̀ osùn!
Abìwo-má-fi-kàn,
Abú-ramúramù-má-pẹran,
Ọkọ ipò kẹsàn-án, àlè ipò kẹwàá,
Aṣaájú àwọn tó kẹ́yìn, ẹ̀yìn àwọn tó ṣaájú,
Kò gòkè kó gba ife, kò já kó sinmi.

Ẹni tó bá rò pé mo ń purọ́, kó lọ wo tábìlì Serie A. Ní 2015, ipò kẹsàn-án. Ní 2017, ipò kẹsàn-án. Ní 2018, ipò kẹsàn-án. Ní 2022 àti 2023, ilé àlè lo sùn, ipò kẹwàá lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ní 2024 o padà sọ́dọ̀ ìyáálé, ipò kẹsàn-án. Ní 2025 o dé ipò kọkànlá, bóyá àna lo lọ kí. Lóòótọ́, ní 2020 àti 2021 o yọjú wo inú kànga, ipò 16 àti ipò 17, ṣùgbọ́n o rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ jìn, o sì fẹ̀yìn rìn padà. Ogún ikọ̀ ló wà nínú líìgì yẹn. Ẹni tó lè dúró láàárín ogún èèyàn fún ọdún gbọọrọ bẹ́ẹ̀, tí kò ṣubú síwájú, tí kò ṣubú sẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká gbà pé ó mọ ìdúró.

Màlúù ni àmì Torino, ìlú rẹ. Ẹ̀rọ omi onírin aláwọ̀ ewé wà káàkiri ìgboro, orí màlúù ni wọ́n ṣe sára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ni omi ń gbà jáde tọ̀sán-tòru. Toret ni wọ́n ń pè é. Èrò ọjà Porta Palazzo ń mu ún, ajá ń mu ún, ọmọ Yorùbá tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ náà ń fi bọ́jú. Ní Piazza San Carlo ẹ̀wẹ̀, wọ́n fi idẹ ya akọ màlúù sí ilẹ̀ níwájú Caffè Torino, àwọn èèyàn a sì máa fi gìgísẹ̀ tẹ ẹ́ ní kóró ẹpọ̀n. Wọ́n ní oríire ló ń fà. Mo dúró wò ó lọ́jọ́ kan. Ọ̀dọ́kùnrin kan dé, ó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ ọ̀tún lé ibẹ̀, ó fẹsẹ̀ kan yí bírí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin kan ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ kó kàn án. Toro, ìgbà yẹn ni mo tó mọ ibi tí oríire rẹ ń gbà lọ. Gbogbo ìlú ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde lára rẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ dúró ná. Oríkì tí kò bá dárúkọ àwọn baba, ariwo lásán ni.

Ọmọ Valentino Mazzola ni ọ́. Ní pápá Filadelfia láyé ọjọ́un, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan tí ń jẹ́ Oreste Bolmida wà láàárín èrò, kàkàkí rẹ̀ ò jìnnà sí i. Bí eré bá fẹ́ di, Bolmida a fun kàkàkí, Mazzola a ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, gbogbo ikọ̀ a sì mọ̀ pé wákàtí ti tó. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ a ti bẹ́yìn yọ fún àlejò. Àwọn baba rẹ gba Scudetto, ife líìgì Italy, ní 1943, ogun dá líìgì dúró, ogun parí, wọ́n tún gbà á ní 1946, 1947, 1948 àti 1949. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 1947, Italy gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Hungary; mẹ́wàá nínú mọ́kànlá tó wọ aṣọ Italy lọ́jọ́ náà, ilé rẹ ni wọ́n ti wá.

Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 1949, bàálù tó ń gbé wọn bọ̀ láti Lisbon wọ inú ìkúùkù, ó kọlu ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà lórí òkè Superga. Èèyàn 31 ló bá a lọ, agbábọ́ọ̀lù 18 wà nínú wọn. Sáà ku ìdíje mẹ́rin. Àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ ló gbá a parí, àwọn ikọ̀ tí wọ́n pàdé náà sì kó ọmọdé tiwọn jáde, kí ó má baà jọ ìrẹ́jẹ. Lọ́dọọdún, balógun ikọ̀ a gun Superga lọ́jọ́ 4 oṣù karùn-ún, a dúró níwájú òkúta ìrántí, a máa pe orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sétí èrò. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró níbẹ̀ kò nílò ògbufọ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ èmi àtìrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí kí orí lè wú, kí ẹsẹ̀ sì yá, la ṣe ń ki èèyàn. Tìrẹ, orí ń wú láti 1949, ẹsẹ̀ ni kò yá. Gbogbo oúnjẹ tí o ń jẹ, ogún baba ni. Gbogbo ìgbà tí a bá bèèrè pé kí lo ṣe lónìí, o ó nawọ́ sí òkè Superga.

Mo mọ̀ pé o ti gbìyànjú. Ní 1976, Pulici àti Graziani ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Radice ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, o gba Scudetto. A jó. Ní ọdún kejì, o kó àmì 50 nínú 60 tó ṣeé kó. Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìyá Àgbà ṣe é: ó kó 51.

Ògbójú tó sáré tó fi ẹsẹ̀ kan pàdánù!

Ní 1992, o dé àṣekágbá UEFA Cup. Ìwọ àti Ajax gbá ọ̀mì 2-2 ní Torino, ẹ tún gbá ọ̀mì 0-0 ní Amsterdam, gólì méjì tí wọ́n jẹ nílé rẹ sì gbé ife fún wọn. Ní Amsterdam, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ́ọ̀lù rẹ lu òpó. Inú bí Emiliano Mondonico, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ, ó di àga mú, ó gbé e sókè sí adájọ́. Àwòrán yẹn ṣì wà nílé àwọn olólùfẹ́ rẹ títí dòní.

Afi-bọ́ọ̀lù-na-òpó bí ẹni na ìyàwó elòmíràn,
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbé ife, ìwọ gbé àga!

Ní 1993, ìwọ náà gba Coppa Italia, mi ò níí fi dù ọ́. O na Roma 3-0 nílé, o lọ bá wọn lálejò, wọ́n nà ọ́ 5-2, o sì fi gólì àlejò jáwé olúborí. Ẹni tí wọ́n lù délẹ̀ tó wá gbé ife dìde, ìwọ nìkan ni mo mọ̀. Láti ìgbà náà, ife gidi kan kò tún wọlé. Ní 2005 o jà padà sí Serie A lórí pápá, gbèsè sì pa ọ́ kí o tó jókòó. Urbano Cairo rà ọ́, o tún bẹ̀rẹ̀ láti Serie B. Ogún ọdún ti kọjá lórí ìyẹn, àwọn ará Maratona sì ti ń kọrin fún ọkùnrin náà tipẹ́ pé kó máa lọ. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Filadelfia, ilé àwọn baba rẹ, wó ní ìparí àwọn ọdún 1990, koríko ló bù sí i fún bí ogún ọdún. Ní 2017 ni wọ́n tó tún un kọ́, pápá ìgbaradì ló sì jẹ́.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ dábì, ìjà Toro àti Juventus. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2001: Juventus ti fi 3-0 síwájú kí ìsinmi tó dé. Ẹlòmíì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. O padà wọlé, Lucarelli gbá ọ̀kan, Ferrante gbá èkejì láti ojú pẹnárítì, Maspero gbá ẹ̀kẹta. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, adájọ́ fún Juventus ní pẹnárítì. Bí gbogbo ayé ṣe ń bá adájọ́ ṣàròyé, Riccardo Maspero rọra rìn dé ibi àmì funfun yẹn, ó ń fi imú bàtà rẹ̀ wa ilẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ń wá owó tó jábọ́. Ó wa ihò kékeré kan, ó kúrò níbẹ̀. Marcelo Salas gbé bọ́ọ̀lù lé orí ihò náà, ó sáré, ó gbá a: bọ́ọ̀lù fò kọjá òkè òpó, ó lọ bá èrò. 3-3!

Agbẹ́lẹ̀-níwájú-ọ̀tá,
Ọmọ oko tó kó ọkọ́ wọ pápá!

Ọ̀mì ni o, ṣùgbọ́n kò sí ìgbéyàwó tí àwọn àgbà Toro ò ti sọ ìtàn rẹ̀. Ìwọ wá bi ara rẹ: ẹgbẹ́ wo ló ń fi ihò ṣe àjọ̀dún? Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 2015, o tilẹ̀ na Juventus 2-1, Darmian àti Quagliarella ló gbá a wọlé. Ogún ọdún la ti ń retí ẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí tí sáà 2024-25 fi parí, o kò tún nà wọ́n mọ́. Síbẹ̀, àwọn àgbà ti wí i pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Juventus láṣọ jù ọ́ lọ. Ní ti àkísà, ta ló tó ọ?

Ohun tó ń dun olólùfẹ́ rẹ kì í ṣe pé o kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ìrètí tí o ń fi sí wa lẹ́nu, tí o tún ń fà yọ, ni. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, o lọ Verona, o na wọ́n 3-2, o fi àmì 11 nínú ìdíje márùn-ún gun orí tábìlì Serie A, ìwọ nìkan! Mo rí bàbá kan tó ya àwòrán tábìlì náà sínú fóònù rẹ̀, kí ayé má baà sọ pé irọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìdíje Verona, Empoli yọ ọ́ nínú Coppa Italia. Lẹ́yìn ìyẹn Lazio nà ọ́, Inter nà ọ́, Duván Zapata balógun rẹ sì ṣèṣe ní eékún ní San Siro, sáà rẹ̀ parí síbẹ̀. Ipò kọkànlá ni o parí sáà náà sí. Màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní ń bá a léṣinṣin. Tìrẹ, o nírù, ìwọ ni o kì í jù ú.

Ọlọ́rẹ ni ọ́ pẹ̀lú. Angelo Ogbonna, ọmọ tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí Italy, dàgbà nílé rẹ, o sọ ọ́ di balógun, o tà á fún Juventus ní 2013. Bremer di òpó ẹ̀yìn rẹ, o tà á fún Juventus ní 2022. Buongiorno ka orúkọ àwọn baba ní Superga, ó di ti Napoli ní 2024. Afi-ọmọ-tọrẹ-fún-ọ̀tá! A tilẹ̀ ní Ọlá Àìná lọ́dọ̀ rẹ, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, tó sáré létí pápá títí ó fi lọ ní 2023. Joel Obi tí wọ́n bí ní Èkó náà gbá fún ọ. Wọ́n sa ipá wọn.

Wo àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní àríwá Italy. Padova ṣe ipò kẹta nínú Serie A ní 1958 lábẹ́ Nereo Rocco. Wọ́n já ní 1996, wọ́n jẹyà délẹ̀ dé Serie C, ní 2025 wọ́n gòkè sí Serie B. Wọ́n sunkún tán, wọ́n wá rẹ́rìn-ín tán. Ìwọ kò jẹ́ ká ṣe èyíkéyìí tán. Bergamo kò sì tó ọ rárá nínú ìtàn, ṣùgbọ́n Atalanta, ẹgbẹ́ wọn, wá sílé rẹ ní oṣù kìíní 2020, wọ́n nà ọ́ 7-0. Ilicic gbá ọ̀kan wọlé láti nǹkan bí àárín pápá. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2024, Ademola Lookman, ọmọ wa, gbá gólì mẹ́ta fún wọn ní Dublin, wọ́n na Leverkusen tí ẹnikẹ́ni ò tíì nà ní sáà yẹn, wọ́n gbé Europa League lọ sílé. Ọjọ́ yẹn, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Torino di ará Bergamo títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó yá, Toro, mo ti kì ọ́ dé ìdí. Ẹnì kan kì í ki èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà mo dúró de ẹ̀bùn mi. Mi ò bèèrè Scudetto, àyà mi ò gbà á. Mi ò bèèrè Europe, owó ọkọ̀ ti wọ́n. Dábì kan ni mo ń wá, ọ̀kan ṣoṣo, 1-0, kó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló máa fi orí ara wọn gbá a sílé ara wọn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí o bá kọ̀, ọkọ̀ ojú irin Bergamo ń lọ lójoojúmọ́, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má dá mi lóhùn, mi ò níí lọ. Mo ti san owó sáà tuntun. Ṣùgbọ́n bí dábì bá le jù, bàbá, ṣe ipò kẹjọ fún mi, kí ìyáálé àti àlè lè mọ̀ pé ìwọ náà ń jáde nílé.