Bátìrì Wà ní Ẹ̀pẹ́, Mọ́tò Wà ní Ìkòròdú

Ní Peachtree City, ìlú tí mò ń gbé ní Georgia, mọ́tò gọ́ọ̀fù kì í ṣe nǹkan fújà. Òun la fi ń lọ ra mílíìkì. Ìlú la ọ̀nà tóóró fún un, ó gba inú igbó, ó gba ẹ̀yìnkùlé, gígùn gbogbo rẹ̀ sì lé ní 160 kìlómítà. Ọmọ ọdún 16 ń wà á lọ síléèwé. Ẹni tó bá dé iléèwé gírámà McIntosh láàárọ̀ á rò pé wọ́n ń pàtẹ mọ́tò gọ́ọ̀fù ni. Bàbá òyìnbó tó múlé gbè mí ní mẹ́ta. Kò gbá gọ́ọ̀fù rí.

Èmi náà ra tèmi. Bátìrì olójé mẹ́fà ló wà lábẹ́ àga rẹ̀, fólìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ, kí àpapọ̀ wọn lè jẹ́ 48. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò 28, omi ni wọ́n sì ń mu ṣáá. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ tì wọ́n, tí mò ń bu omi bátìrì sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, bí abọ̀rìṣà ni mo ṣe ń rí. Ìyàwó mi ti bi mí léèrè rí pé obì dà.

Nígbà tó sú mi, mo ṣe ohun tí gbogbo àdúgbò ń ṣe. Mo kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, mo fi lítíọ́mù kan ṣoṣo rọ́pò wọn. Owó rẹ̀ lé ní 1,500 dọ́là, ṣùgbọ́n kò ju bíi kílò 45 lọ, kò mu omi, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ èèyàn. Ẹrù tó kúrò lábẹ́ mọ́tò yẹn ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Mo gbọ́ tí sípíríǹgì rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, awò ojú àti sípánà olówó iyebíye tí wọ́n fi rọ́bà bò.

Àléébù kan ni mo rí lára rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù January, yìnyín dì síta, bátìrì kọ̀, kò gba iná. Àṣé irú lítíọ́mù yìí kì í fẹ́ kí wọ́n ṣáàjì òun bí òtútù bá ti mú débi tí omi ń dì. Kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn. Mo gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo fi bò ó. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ń gbìyànjú láti rántí ìgbà tí mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo òun kẹ́yìn.

Orúnkún bàbá mi ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Ìkòròdú. Mọ́sáláṣí ò jìnnà sílé, ṣùgbọ́n orúnkún Alájì kò gbà mọ́. Mo bá ra ògbólógbòó mọ́tò gọ́ọ̀fù kan, funfun báláú, mo fi kọ̀ńténà gbé e ránṣẹ́. Ọjọ́ tó dé, àdúgbò dàrú. Àgọ́ ìjọ tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí irú rẹ̀ rí, wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ: mọ́tò pásítọ̀. Alájì á wọ jàlàbíà, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á máa pariwo pé mọ́sáláṣí làwọn ń lọ, àwọn ọmọdé á sì máa sáré tẹ̀ lé wọn pé, “Pásítọ̀, ẹ gbàdúrà fún wa!”

Oṣù mẹ́jọ ni bátìrì olójé tó wà nínú rẹ̀ fi ṣe ayé. Rẹwáyà kan ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ara méjì péré nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ti fa iná họ́ọ̀nù. Họ́ọ̀nù ọ̀hún ń dún bíi ti tírélà, méjì yẹn ló sì kọ́kọ́ kú. Ẹnì kan tí ojú ń kán, tí n kò ní dárúkọ torí pé ẹbí mi ni, tún rọ píọ̀ wọ́tà sí mẹ́rin tó kù. Ṣùgbọ́n iná gan-an ló pa wọ́n. Bátìrì olójé tí kò bá rí iná mu yó á di eléèépá nínú. Àwo òjé inú rẹ̀ á dì, kò sì ní gba nǹkan mọ́. Ẹ̀gbìn, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tí wọ́n ṣí lọ́dún 1985, tí agbára rẹ̀ tó mẹgawáàtì 1,320, ilẹ̀ Ìkòròdú níbẹ̀ ló wà. Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Wọn ò dé àdúgbò bàbá mi. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín wa sí bándì-bándì, àwọn Bándì A ní wákàtí 20 lójúmọ́. Bándì tiwa, n kò fẹ́ sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ àlejò.

Mo lọ sílé ní December, mo pinnu pé lítíọ́mù ló kàn. Kò ṣeé gbé wọ bàálù: 100 wáàtì-wákàtí ni wọ́n gbà fún bátìrì ọwọ́ èrò, tèmi ju 5,000 lọ. Mo rà á ní ọjà Aláàbà. Alájì wo ẹyọ kan ṣoṣo tí mo gbé wọlé, wọ́n wo mẹ́fà tó wà nílẹ̀.

“Ṣé kì í ṣe pé wọ́n lù ẹ́ ní jìbìtì?”

“Rárá, sà. Bàbá kan tó ń jẹ́ Goodenough ní Texas ni irú rẹ̀ ti ilé-àyẹ̀wò wọn jáde. Ẹni ọdún 97 ni wọ́n nígbà tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019.”

“Àgbàlagbà ló ṣe é? Gbé e wọlé.”

Ohun tí mo fi Sátidé mẹ́ta ṣe ní Georgia, ọmọ rẹwáyà kan fi wákàtí kan àti ìgò kóòkì kan parí rẹ̀. (Kì í ṣe rẹwáyà tó fa iná họ́ọ̀nù.) Kò ní ìbọ̀wọ́. Sípánà kan ṣoṣo ló mú wá, ó ti fi tépù dúdú wé e látòkè délẹ̀ kó má baà fẹnu kan orí bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró, mò ń wo tépù náà, mò ń ṣírò iye tí mo ra tèmi tí wọ́n fi rọ́bà bò. Òun náà ló tún sọ fún mi pé, “Ọ̀gá, ṣájà àtijọ́ yẹn ò lè bá èyí lọ o, ti olójé ni, ẹ ra tiẹ̀.” Òótọ́ ló sọ. Ṣájà olójé a máa tì í ju bó ṣe yẹ lọ, kọ̀ǹpútà inú lítíọ́mù á sì já iná.

A ò tíì kó irinṣẹ́ nílẹ̀ tí a fi gbọ́ ohùn láti títì: “Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù bátìrì! Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ínfátà!” N kò mọ ẹni tó ta wọ́n lólobó. Wọ́n gbé òjé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé òṣùwọ̀n, wọ́n san owó kílò, wọ́n lọ. Inú mi dùn, kí n tó rántí Ògíjó. Ìtòsí Ìkòròdú náà ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ òjé bátìrì àlòkù. Lọ́dún 2025, àwọn oníròyìn ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀, wọ́n bá òjé lára ọ̀pọ̀ wọn, títí kan àwọn ọmọdé, ìjọba sì ti àwọn iléeṣẹ́ kan pa. Ní Georgia, ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù ni mo dá tèmi padà sí, mi ò bi wọ́n níbi tí wọ́n ń kó o lọ. N kò lè fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Bí a ṣe dé Ẹ̀pẹ́ nìyí. Àǹtí mi, àkọ́bí Alájì, ń ta ẹja níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 60. Wọ́n ní mọ́tò pásítọ̀ ni yóò gbé àwọn wọ inú gbọ̀ngàn. Alájì fẹ́ wà á láti Ìkòròdú. Ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ fi ohun tí eré rẹ̀ kò ju kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan bá àwọn tírélà oníyẹ̀pẹ̀ du ọ̀nà Ìmọ́tà sí Itoikin. A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù.

Àǹtí wọlé tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ, gèlè kan òrùlé mọ́tò, wọ́n ń náwó fún wọn, mọ́tò ò dún pínkín. Olórin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kì wọ́n dé orí ìyá bàbá wọn nígbà tí iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Nínú òkùnkùn ni rẹwáyà olórin ti tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àga mọ́tò.

“Fólìtì mélòó nìyí?”

“48.”

“Ti ínfátà ṣọ́ọ̀bù Àǹtí náà nìyẹn.”

Òótọ́ ni. Ínfátà wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, bátìrì olójé mẹ́rin tó ń gbé e, fólìtì 12 lọ́nà mẹ́rin, ti kú tipẹ́. Wọ́n gbé ínfátà wá, wọ́n yí ètò rẹ̀ sí ti lítíọ́mù, iná tàn, a jó di ìdájí. Lówùúrọ̀, mo ní kí wọ́n dá bátìrì padà sínú mọ́tò. Àǹtí ní kí n jẹ́ káwọn fi tọ́jú ẹja tó kù nínú fíríìsà títí di ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé yẹn ò tíì dé. Mo pè wọ́n láti Georgia.

“Àǹtí, bátìrì Bàbá ńkọ́?”

“Ó wà o. Ó ní kí n kí ẹ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà, mà.”

“Kí ẹja ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà wá rà? Ìwọ tó o fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo tìẹ!”

Mo pe Alájì kí wọ́n bá mi dá sí i. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé orúnkún àwọn ti ń gbádùn díẹ̀-díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló tú àṣírí fún mi: gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹja àrọ̀ tútù ń ti Ẹ̀pẹ́ wá sílé Alájì.

Mọ́tò wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Ìkòròdú báyìí, Alájì ń jókòó sínú rẹ̀ gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́. Bátìrì wà ní Ẹ̀pẹ́. Èmi tí mo sanwó wà ní Georgia. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò gọ́ọ̀fù funfun tí kò ní bátìrì, kó wá bá mi sọ̀rọ̀, a ó jọ dúnàádúrà. Adìẹ kan ti yé sábẹ́ àga rẹ̀, níbi tí bátìrì wà tẹ́lẹ̀; Alájì ní adìẹ kò sí nínú ọjà náà.