Mi Ò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni O!

Bí ẹ bá wọ Micra láàárọ̀ n'Ìbàdàn, tàbí ẹ yà ní ìsọ̀ aránṣọ, ẹ ó gbóhùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò. Kì í kí ìlú tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, alága kan ń bẹ nílùú yìí o! Ó dúdú, ó sanra, ó máa ń tiro díẹ̀. Ilé rẹ̀ ò jìnnà sí ilé epo tuntun, géètì aláwọ̀ ewé. Ìyàwó rẹ̀ kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ bá mi bi í, owó ọ̀nà wa dà? Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o!"

Ọmọ tó ń kiri omi ti mọ ẹni tó ń bá wí. Ó ti júwe ìrìn, ó júwe ilé, ó júwe ọmọ jòjòló. Orúkọ nìkan ló kù, òun ló sì ká sábẹ́ ahọ́n, tó ń pè é ní òfin. Lójú tirẹ̀, èèyàn ò ṣeé bà jẹ́ àfi tí wọ́n bá pè é lórúkọ. Ó lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú wákàtí kan, á tún rẹ́rìn-ín sí i. Ó sì lè jẹ́ opó aláìní ló kàn lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa ikú ọkọ rẹ̀. Mi ò dárúkọ náà ni. Ta ni yóò bá opó tún orúkọ tí wọn ò dá ṣe?

Ẹ má rò pé inú ló ń bí i. Owó ni. Ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa ni kì í gbowó oṣù. Àwọn ni wọ́n ń ra àsìkò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò, tí wọ́n á wá máa wá ìpolówó tí yóò bò ó. Alágbo jẹ̀dí ò sì ní náwó sórí ètò tí ẹnì kan ò gbọ́. Àwa tá à ń bú u lórí WhatsApp là ń bá a gbé e kiri lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún 2020, ìjọba gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra lórí afẹ́fẹ́ láti 500,000 náírà sí mílíọ̀nù 5. Ilé iṣẹ́ ló ń san án, kì í ṣe ẹnu tó sọ ọ́. Nígbà tó di 2023, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kan l'Ábújá ní àjọ NBC, tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ rédíò, ò láṣẹ láti bu owó ìtanràn lé wọn, torí kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ọ̀rẹ́ wa pariwo ìdájọ́ yẹn bí ẹni pé òun ni wọ́n dá láre.

Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù di Mọ́ńdè. Ọmọ ẹ̀yìn alága á ti gbé àpòòwé wá ní Sátidé. Ohùn á rọ̀, orin á máa lọ lábẹ́lẹ̀, ó di "bàbá wa." Ẹ wá gbọ́ orúkọ wàyí: àbísọ, orúkọ bàbá, oyè, oríkì agboolé, títí kan èyí tí ìyá àgbà rẹ̀ ń pè é ní kékeré.