Oríkì Fáìlì Excel, Alárinà Ọ́fíìsì

Ẹ yà fún un o, Fáìlì Excel ń bọ̀!
Alárinà tí kò gbọ́ èdè ọkọ, tí kò gbọ́ ti ìyàwó.
Owó oṣù wà nínú sọ́fítíwìà kan,
ọjà wà nínú òmíràn, ti báǹkì dá wà lọ́tọ̀.
API ì bá so wọ́n pọ̀, ọ̀gá ní ó ti wọ́n jù.
Ọ̀gá ní, "Ṣebí Excel wà ńlẹ̀?"
Wọ́n bá gbé gbogbo ilé iṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́.

Agbódomì, o káre!
Nọ́ńbà àkáǹtì Nàìjíríà, díjíìtì mẹ́wàá ni;
èyí tí òdo ṣíwájú rẹ̀ kàn ọ́, ó di mẹ́sàn-án.
0803 wọlé tọ̀ ọ́, 803 ló jáde.
Òṣìṣẹ́ ń wá owó, akọ̀wé ń wá òdo,
ìwọ gúnwà, o ò ṣẹ́jú.
Ta ló wá ní o kì í dá nǹkan padà?
Nọ́ńbà káàdì oní-díjíìtì mẹ́rìndínlógún dé ọwọ́ rẹ,
o gba ti ìkẹyìn, o fi òdo dípò.

Asọ-orúkọ-dọjọ́!
Àwọn onímọ̀ jíìnì kọ orúkọ jíìnì kan, MARCH1,
o ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni.
Wọ́n bá ọ fà á títí, ó sú wọn;
ní 2020, jíìnì ló pa orúkọ dà, ó di MARCHF1.
(Ọba mìíràn, ìdọ̀bálẹ̀ ló ń gbà.)

Ṣùgbọ́n Ìlú Ọba lo ti jẹ oyè tó ga jù.
Ọdún 2020 kan náà, Kòrónà ń jà,
láàbù ń fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ nínú fáìlì CSV;
àjọ ìlera Public Health England dà á sínú XLS, ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà,
ẹni tí ìlà 65,536 ń kún inú rẹ̀ bámúbámú.
Èyí tó lé ńkọ́?
XLS ò pariwo, kò ní òun yó,
ó jẹ́ kó dànù wọ́ọ́rọ́.
Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án dé ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá,
ènìyàn 15,841 tó kó àrùn kò sí nínú iye tí ìjọba ń kà jáde;
àwọn tí wọ́n fara kàn ń rìn kiri, ìkìlọ̀ ò tètè dé ọ̀dọ̀ wọn.
Bẹ́ẹ̀ sì ni láti 2007, XLSX tó jẹ́ àbúrò ń gba ìlà 1,048,576.
Ta ló rántí pè é?

Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́,
ẹ ka ìlà tó wọlé, ẹ ka èyí tó jáde.
Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí báǹkì.