Lẹ́tà Inú Ilé: Ohun tí cron Ń Sọ àti Ẹni tí Kò Kà Á

Cron ni ètò tó máa ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà Unix àti Linux, tó ń wo aago ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú láti mọ iṣẹ́ tí àkókò rẹ̀ ti tó. Ó ti wà nínú Unix Ẹ̀dà Keje tó jáde láti Bell Labs ní 1979. Èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux lónìí ṣẹ̀ wá láti ara èyí tí Paul Vixie kọ ní 1987. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àyè lórí ẹ̀rọ lè ní ìwé iṣẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní crontab. Ìlà kan, iṣẹ́ kan: ìṣẹ́jú ló ṣáájú, wákàtí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọjọ́ inú oṣù, oṣù, ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, kó tó wá kan àṣẹ tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tí onílé ti sùn kò rí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí àṣẹ náà bá sọ jáde, ìbáà ṣe ìròyìn, ìbáà ṣe ẹ̀sùn, cron á kó o jọ, á fi kọ lẹ́tà, á sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ni crontab. Bí àṣẹ bá parí iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, kò sí lẹ́tà. Lẹ́tà yìí kì í sábà jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú ẹ̀rọ náà ló ti gbéra, inú rẹ̀ náà ló gúnlẹ̀ sí, nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín, ní /var/mail tàbí /var/spool/mail. Àṣẹ mail tí a fi ń kà á dàgbà ju Ẹ̀dà Keje lọ dáadáa. Ó ti wà nínú Unix àkọ́kọ́ ní 1971, nígbà tí àwọn tó jọ ń lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń kọ̀wé síra wọn lórí rẹ̀.

Bash, ètò tó ń gba àṣẹ wa ní terminal, ló sábà máa ń kéde pé lẹ́tà dé. Bí a kò bá yí i padà, ó ń yẹ àpótí lẹ́tà náà wò láàárín ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, á sì kọ ọ́ sójú terminal pé "You have new mail in /var/mail/", pẹ̀lú orúkọ onílé nídìí rẹ̀. Ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yìí rí ìlà náà láàárọ̀, ó rí i lálẹ́. Ó ṣí Gmail rẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó sì pinnu pé irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa, tàbí kó jẹ́ pé àwọn ọmọ Yahoo ló fẹ́ fi tan òun. Kò mọ̀ pé òun ní àpótí lẹ́tà mìíràn nínú ilé òun. Ó kọ́ ojú rẹ̀ láti máa fo ìlà náà, ó sì mọ̀ ọ́n fò.

Lẹ́tà cron kò ní ìkíni. Kò sí ẹ kú àárọ̀, kò sí ẹ kú iṣẹ́. Root, alábòójútó ẹ̀rọ, ló máa ń jẹ́ olùránṣẹ́, pẹ̀lú "Cron Daemon" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni Cron, orúkọ onílé àti ti ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà àṣẹ tó fa ọ̀rọ̀. Ohun tí àṣẹ náà sọ ló wà nísàlẹ̀, láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni àmì %. Nínú crontab, òpin àṣẹ ni àmì yìí jẹ́: ohun tó bá tẹ̀ lé e kì í ṣe ara àṣẹ mọ́, cron á sọ ọ́ di ohun tí àṣẹ náà máa kà. Àfi kí a fi \ ṣáájú rẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò rẹ̀, ní kí ẹ̀rọ máa fi tar ṣe ẹ̀dà fódà ìṣirò owó ẹgbẹ́ ní aago méjì òru, kí ó sì fi $(date +%F) kọ déètì sí orúkọ ẹ̀dà náà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò ní terminal, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí % kì í ṣe ọ̀ràn níbẹ̀. Lóru, cron gé e síbi date +. Àkámọ́ ṣí, kò pa dé. Ètò sh, tí cron ń gbé àṣẹ fún, kọ̀ jálẹ̀, ó ráhùn, cron sì fi ìráhùn náà kọ lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí ní òròòru.

Nígbà tó ṣe, òǹkọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ pa fódà náà rẹ́ níbi tó ti ń tún ilé kọ̀ǹpútà ṣe. Ó dé ìpàdé, ó ní kí ọkàn ẹgbẹ́ balẹ̀, ẹ̀dà wà. Alága ní, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká rí i." Ó ṣí fódà ẹ̀dà lójú gbogbo wọn: ó ṣófo. Ilé ló padà sí kó tó tẹ mail fún ìgbà àkọ́kọ́. Orúkọ lẹ́tà tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmì N tó túmọ̀ sí tuntun wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àkọlé kan náà, ẹ̀sùn kan náà nípa àkámọ́ tí kò pa dé. Ìwé rìsíìtì ni wọ́n fi tún ìṣirò náà ṣe.

Ohun mìíràn tó máa ń fa irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni PATH, ìyẹn àkójọ àwọn fódà tí ẹ̀rọ ti ń wá àṣẹ. Ti cron kúrú. Kò sábà kọjá /usr/bin àti /bin, nítorí náà àṣẹ tó ń dáhùn ní terminal lè di "not found" lóru. Kí a kọ ọ̀nà àṣẹ náà ní kíkún, ọ̀rọ̀ ti tán.

Lẹ́tà àpọ̀jù burú bí àìka lẹ́tà. Àmì * ní àyè márààrún túmọ̀ sí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 1440 lójúmọ́. Lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé ti tún % ṣe, ó fi * márùn-ún dán iṣẹ́ náà wò, ó fi v kún tar kí ó lè rí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ sùn láìdá aago méjì padà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wá ń ru orúkọ gbogbo fáìlì inú fódà náà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Díìsìkì kékeré kì í ṣe agbọ̀n. Àṣẹ df, tó ń sọ bí díìsìkì ṣe kún tó, fi 100% hàn, kò sì sí ètò tó rí àyè kọ nǹkan kan mọ́. Nínú mail, d * ló ń sàmì pé kí gbogbo lẹ́tà lọ, q ló ń jáde tó sì ń pa wọ́n rẹ́. Àṣẹ x náà ń jáde, ṣùgbọ́n á fi àpótí sílẹ̀ bó ṣe bá a. Àṣẹ x yìí ni òǹkọ̀wé tẹ̀. Gbogbo òkú jí.

Ìbínú ló gbé e dé >/dev/null 2>&1, tó ń da ìròyìn àti ẹ̀sùn pa pọ̀ sínú òfo. Bí méjèèjì ṣe tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì: bí 2>&1 bá ṣáájú, ẹ̀sùn á ṣì máa wá. Ibí yìí nìkan ni òǹkọ̀wé ti ṣe é bó ṣe yẹ, ìyẹn ló sì burú jù, nítorí nígbà tí wọ́n yọ díìsìkì tí ẹ̀dà ń lọ sí kúrò lára ẹ̀rọ, kò sí lẹ́tà tó sọ fún un. Èyí tó dára ni kí a yọ v, kí a da ìròyìn nìkan nù pẹ̀lú >/dev/null, kí ẹ̀sùn ṣì lè dé. MAILTO="" lókè crontab á pa gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mọ́, èyí kò sì yẹ iṣẹ́ tí ẹ̀dà owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀.

MAILTO kan náà lè gbé lẹ́tà lọ sí àdírẹ́sì tó wà níta, bí ètò agbélẹ́tà bá wà lórí ẹ̀rọ: sendmail ti Eric Allman, Exim ti Philip Hazel, tàbí Postfix ti Wietse Venema. Bí kò bá sí, lórí Debian àti Ubuntu, cron á kàn kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé "No MTA installed", á sì da lẹ́tà nù. Lẹ́tà ti root ń gba inú fáìlì /etc/aliases kọjá, kí a sì tẹ newaliases lẹ́yìn tí a bá ṣe àtúnṣe sí i. Òǹkọ̀wé, tó fẹ́ fi hàn pé òun ti yí padà, fi àdírẹ́sì Alága sí MAILTO. UTC ni aago ẹ̀rọ náà, nítorí náà aago méjì rẹ̀ jẹ́ aago mẹ́ta òru ní Nàìjíríà. Fóònù dún.

"Akọ̀wé, ta ni Daemon? Kí ni mo fi ṣe é tó fi ń kọ̀wé sí mi lóru?"

Bó ṣe ń sáré yọ àdírẹ́sì náà kúrò ló tẹ crontab -r dípò crontab -e tó ń ṣí ìwé iṣẹ́ fún àtúnṣe. Lórí kíbọ́ọ̀dù, e àti r wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. -r á pa gbogbo ìwé iṣẹ́ náà rẹ́ láìbéèrè, àfi bí a bá fi -i sí i. Lẹ́tà cron wúlò níbí pẹ̀lú: àṣẹ wà nínú àkọlé rẹ̀, wákàtí wà nínú déètì rẹ̀, a sì lè tibẹ̀ tún iṣẹ́ tó ti kọ̀wé rí tò. Iṣẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ crontab -l tó ń ka ìwé iṣẹ́ jáde, kí ẹ darí ohun tó bá jáde sínú fáìlì kan, kí ẹ tó fọwọ́ kan -e.