Bọ̀dá Arùwé

Kò sí sẹkitéríàtì tí kò ní Bọ̀dá Arùwé tirẹ̀. Bí ìdánwò ìgbéga bá ti ku oṣù mẹ́ta, ẹ ó rí i tó ń mí hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, Ghana-must-go lọ́wọ́. Aṣọ kọ́ ló dì sínú rẹ̀ o. Ètò ìsúná ìjọba àpapọ̀ ọdún 2025 ni, ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde pátá. Owó tó yá lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló bá a lọ.

"Bọ̀dá, ibo lẹ kà á dé?"

"Àbúrò, mo ti kùn ún kọjá ìdajì."

Kíkùn ló wí, kò pè é ní kíkà. Máákà aláwọ̀ mẹ́rin ló ní. Láàárọ̀, ohun tó ṣe pàtàkì nìkan ló ń kùn. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ti ṣe pàtàkì. Ojú ìwé á wá pọ́n bí ẹ̀bà elépo. Ẹ bi í ní iye tí wọ́n kọ sí epo jẹnẹrétọ̀ níléeṣẹ́ tí kò dé rí, á dáhùn wàrà.

Ìwé kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin tábìlì kejì ní. Àlàyé tí Ààrẹ ṣe fáwọn aṣòfin ló kọ́kọ́ kà, ó sì wo iye tí wọ́n fi dọ́là sí: ₦1,500. Lẹ́yìn náà ló pín 54.99 trílíọ̀nù náírà sọ́nà mẹ́rin: iṣẹ́ àkànṣe 23.96, gbèsè 14.32, owó oṣù àti ìnáwó ojoojúmọ́ 13.06, ìpín àwọn àjọ tí òfin dárúkọ 3.65. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Gbèsè ń gbà ju owó oṣù wa lọ. Kí ló fà á?"

Bọ̀dá yọjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò nìyẹn ni?"

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n ní káwọn tó ń ṣe é ya ìnáwó iṣẹ́ àkànṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ìnáwó ojoojúmọ́. Inú Bọ̀dá dùn. Ó rí ojú ìwé náà kedere: apá òsì, nísàlẹ̀, níbi tí ọbẹ̀ ti kán sí. Píǹkì ló kùn ún. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ píǹkì náà nìkan ni kò rí mọ́.

Èsì jáde. Ètò ìsúná tuntun náà jáde. Ghana-must-go ti di méjì. Ìdajì àtẹ̀gùn ni Bọ̀dá dé tí ọmọbìnrin yẹn ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Bọ̀dá sọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó fara ti ògiri kí ọ̀nà lè là.

"Ẹ káàárọ̀, mà."