Ìṣọ̀kan A, Ìṣọ̀kan B

(Ọjà Ìpọ̀nrí, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ìkórè ìjọ ku ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá Wọ́dà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ télọ̀, jókòó ti máṣíìnì, ó fi téèpù kọ́ ọrùn. Ìyá Ìṣọ̀kan, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ìsọ̀ kejì, wọlé láìkan ilẹ̀kùn, torí pé ṣọ́ọ̀bù náà ò ní ilẹ̀kùn.)

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Ẹ káàsán o, Bàbá Wọ́dà. Mi ò jókòó. Aṣọ mi ni mo wá wò.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ jókòó ná. Oníbàárà tí kò bá jókòó, owó ni kò fẹ́ san.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Owó wo? Ṣebí mo ti san àsansílẹ̀. (Ojú rẹ̀ bá orí tábìlì.) Bàbá Wọ́dà! Kí ni aṣọ àlùkò ń wá níbí?

BÀBÁ WỌ́DÀ: Wọ́n gbé e wá rán ni.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Aṣọ Ìṣọ̀kan B nìyẹn! Ẹ̀yin, wọ́dà ìjọ, lẹ̀ ń ránṣọ fún àwọn ọlọ̀tẹ̀!

BÀBÁ WỌ́DÀ: Àwọn náà ní ẹ̀yin gan-an lọlọ̀tẹ̀. Téèpù mi ò mọ A, kò mọ B. Ìbàdí yín àti ìbàdí wọn, íńṣì náà ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Ká sòótọ́, tiyín ló gba íńṣì jù.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Ẹ fi ìbàdí mi sílẹ̀! Ẹ̀yin lẹ máa ń dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ ó wá ní kí ìjọ ó wà ní ìrẹ́pọ̀. Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan kan ṣoṣo pín sí A àti B, aṣọ kan di méjì, owó ìránṣọ náà di méjì. Ta ló jèrè?

BÀBÁ WỌ́DÀ: Ẹ má dà á sí mi lórí. Kí lẹ̀yin àti Ìyá Ìbejì ti Ìṣọ̀kan B ń jà lé gan-an?

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Àwọ̀ aṣọ ni. Mo ní ká ra búlúù, ó ní àlùkò lòun fẹ́. Búlúù ni mo sì mọ̀ pé ó bá ilé Ọlọ́run mu, torí òun làwọ̀ ojú ọ̀run.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Ojú ọ̀run ibo? Ẹ yọjú wòkè. Èéfín ọkọ̀ ti sọ ti Ìpọ̀nrí di eérú. Ẹ gbọ́, ọ̀nà tó wà níta yìí, ìjọba ti sọ ọ́ ní Funsho Williams Avenue láti ọjọ́ yìí wá, àwọn kọ̀ńdọ́ ṣì ń pè é ní Western Avenue, ọkọ̀ kankan ò sì torí ẹ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ aṣọ ò lè tú ẹgbẹ́ ká. Ìrẹsì ìkórè ọdún tó kọjá ló tú u ká.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Ìrẹsì wo?

BÀBÁ WỌ́DÀ: Èyí tí ẹ di síbí rẹ̀ mú. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni mo wà, mo fojú ara mi rí i. Ẹni tó bá ti jẹ́ ará yín gba ìrẹsì kún abọ́, ẹran méjì lórí ẹ̀, ẹ tún fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè gbà sí i. Nígbà tó kan àwọn ìyá arúgbó tí Ìyá Ìbejì kó wá láti ìhà Ìjọra, ẹ wá ń fi síbí ha ìdí ìkòkò, kà, kà, kà. Ìyá kan gbé abọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wá ẹran bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Oúnjẹ ló tán!

BÀBÁ WỌ́DÀ: Kúlà kejì ńkọ́, tó wà lábẹ́ tábìlì nínú yàrá àlùfáà, tí ẹ fi aṣọ àwọn akọrin bò?

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: (Ó dákẹ́ díẹ̀.) Mo tọ́jú ìyẹn de bíṣọ́ọ̀bù ni.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Bíṣọ́ọ̀bù ò wá.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Tó bá wá ńkọ́?

BÀBÁ WỌ́DÀ: Mo rí kúlà náà lórí ọ̀kadà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó doríkọ ilé yín.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Wọ́n fẹ́ lọ fọ̀ ọ́ ni.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Tìrẹsì-tìrẹsì?

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Ẹ gbọ́ mi, Bàbá Wọ́dà. Ìyapa nínú ìjọ, àwa kọ́ la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bàbá tó bí mi, ọmọ Ìjọ Áfíríkà ni. Oṣù Kẹwàá 1901 làwọn baba wa dìde, tí wọ́n jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà St. Paul's, Breadfruit. Ìjọ wọn ò ha dúró títí dòní?

BÀBÁ WỌ́DÀ: Ẹ sọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jáde náà! James Johnson, àlùfáà dúdú tí Èkó ń bọ̀wọ̀ fún débi tí wọ́n ń pè é ní ẹni mímọ́, ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ìrànlọ́wọ́ ní 1900, ni Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell bá ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Breadfruit. Ìyẹn ló bí Jacob Kehinde Coker àtàwọn èèyàn rẹ̀ nínú. Iyì èèyàn dúdú ni wọ́n jà fún. Johnson fúnra rẹ̀ ò tẹ̀ lé wọn, ó dúró sínú ìjọ Áńgílíkà. Nínú gbogbo wọn, ta ló gbé kúlà sá?

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Kérúbù àti Séráfù ńkọ́? Ní 1925 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó níbí. Nígbà tó fi máa di 1929, Mósè Orímọládé ti gba tiẹ̀, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ti gba tiẹ̀. Ẹni Ẹ̀mí ni àwọn méjèèjì o!

BÀBÁ WỌ́DÀ: Kí lẹ wá fẹ́ fi ìyẹn sọ? Pé Ẹ̀mí ló ní kí ẹ fún opó ní ìrẹsì jíjó?

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Àwọn Onítẹ̀bọmi ńkọ́? Ní 1888, wọ́n pínyà ní gbangba.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Ní 1914, wọ́n tún kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Yorùbá. Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́? Mojola Agbebi, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó jáde! Ẹ̀yin náà ẹ kó ara yín jọ.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Láti 1888 di 1914, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Ìjà tiwa ò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká gbádùn ẹ̀ díẹ̀?

BÀBÁ WỌ́DÀ: (Ó ti ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.) Màmá, ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí. Ní 1976, òfin tuntun wọlé, Bọ́lájí Ìdòwú, ọ̀jọ̀gbọ́n, di Pátíríákì. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní ètò àtijọ́ làwọn mọ̀. Bàbá mi gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbà. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé ní Èbúté Mẹ́tta, yàrá wọn kọjú síra. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á díbọ́n pé òun gbàgbé gíláàsì, kí wọ́n má baà jọ rìn dé ìta. Nígbà tí ìyá wọn kú, àlùfáà méjì ló dé. Wọ́n jọ dúró lẹ́bàá sàréè, oníkálùkù di ìwé àdúrà rẹ̀ mú, wọ́n ń wojú ara wọn. A wà níbẹ̀ tí òjò fi bá wa.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Ta ló wá gbàdúrà?

BÀBÁ WỌ́DÀ: Àwọn méjèèjì. Lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń pariwo ju ìkejì lọ. Ìjọ parapọ̀ ní 1990, gbogbo èèyàn dì mọ́ra wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti kú ní 1988.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Háà. (Ó jókòó.) Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Ẹ kì í jókòó.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Síbẹ̀, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀yin àti ọ̀gá akọrin ńkọ́? Láti Ọjọ́ Àjíǹde tí ẹ ti jà torí jẹnẹrétọ̀, ẹ ò kíra. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kì í kúrò ní àpò yín. Fáànù tó kọjú sí àga wọ́dà ń fẹ́ yẹ́ẹ́, àwọn akọrin ń fi ìwé orin fẹ́ ara wọn. Tí a bá ń sọ oore-ọ̀fẹ́, tí gbogbo wa ń wojú ara wa, òrùlé lẹ̀yin ń wò. Mo ti ń rí yín tipẹ́.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Òrùlé yẹn ń jò ni.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Nínú ọ̀gbẹlẹ̀?

BÀBÁ WỌ́DÀ: Ọ̀rọ̀ epo ni, Màmá! Wọ́n máa ń tàn án fún ìdánrawò orin látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìjọ ló sì ń ra epo.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Ẹ rí i? Tiyín, ọ̀rọ̀ epo ni. Tèmi, ọ̀tẹ̀ ni. Ká ṣáà bẹ Ọlọ́run kó dá ìjọ àkọ́kọ́ padà fún wa, àwọn tí kì í jà.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Ta ló ní wọn kì í jà? Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Oúnjẹ ni wọ́n jà lé! Àwọn tó ń sọ Gíríìkì ń kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó àwọn nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn Hébérù ló di síbí mú nígbà yẹn, bí ẹ̀yin ṣe dì í mú yìí.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Kọ́ríńtì náà ńkọ́? Ebi ń pa ọ̀kan nídìí tábìlì Olúwa, ìkejì ti mutí yó.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá ń bo kúlà! Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Jerúsálẹ́mù. Wọn ò ṣe ìsọjí, wọn ò ránṣọ ìṣọ̀kan. Ọkùnrin méje ni wọ́n yàn pé kí wọ́n mójú tó oúnjẹ. Stéfánù, Fílípì, Prókórù, Níkánórì, Tímónì, Páménà, Níkólà. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Àwọn tó ń kùn gan-an ni wọ́n gbé síbí lé lọ́wọ́.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: (Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. Ó dúró.) Bàbá Wọ́dà, ẹ má sọ ohun tí mo rò pé ẹ fẹ́ sọ.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Èmi ò sọ nǹkan kan. Àwọn àpọ́sítélì ló sọ ọ́. Ìyá Ìbejì ni kó di síbí mú lọ́jọ́ Ìsinmi.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Tó bá wá ha ìdí ìkòkò fún èmi ńkọ́?

BÀBÁ WỌ́DÀ: Ẹ̀yin náà á di opó Gíríìkì.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Mo gbà. Lórí àdéhùn kan. Kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ á lọ sọ́wọ́ ọ̀gá akọrin.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Rárá o! Jẹnẹrétọ̀ ò sí nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Ìrẹsì náà ò sí níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ síta.

(Bàbá Wọ́dà tọwọ́ bàpò, ó fà á yọ bí ẹni tó ń fa eyín. Ó gbé e sórí aṣọ àlùkò. Ìyá Ìṣọ̀kan gbé fóònù, ó pe Ìyá Ìbejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsọ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn.)

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Ìyá Ìbejì, èmi ni. Ẹ má pa á! Ẹ̀yin lẹ máa pín ìrẹsì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin. Síbí, kúlà, ẹran, gbogbo ẹ̀... Rárá, ara mi yá... Mi ò fi nǹkan kan sínú ẹ̀, ẹ ẹ́ kọ́kọ́ rí mi tí mo tọ́ ọ wò! Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá Ìjọra tètè jókòó síwájú... Kúlà kejì? Kúlà kejì wo? (Bàbá Wọ́dà ń wò ó.) Ó wà. Ó wà nílé. Mo ti fọ̀ ọ́. Mò ń gbé e bọ̀. (Ó pa fóònù.) Ó ń sunkún.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Ẹ̀yin náà ńkọ́?

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Eruku aṣọ yín ló wọ̀ mí lójú. Ó dáa, tí ìjà ti parí báyìí, ẹ dín owó ìránṣọ kù.

BÀBÁ WỌ́DÀ: Mo ti gé aṣọ méjèèjì, Màmá. Ní 1965, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian fẹ́ di ìjọ kan ṣoṣo ní Nàìjíríà. Wọ́n ti dá ọjọ́ sínú oṣù Kejìlá, ó ku díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ fọ́. Gbogbo ayé ń káàánú àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn télọ̀ tó ti gé aṣọ sílẹ̀ lèmi máa ń rò. Owó yín ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.

ÌYÁ ÌṢỌ̀KAN: Mo máa san án lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lójú ọ̀gá akọrin, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí i. (Ó bọ́ síta, ó kọjú sí ọjà.) Gbogbo ará Ìpọ̀nrí, ìkórè wa di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ máa bọ̀. Ìrẹsì á kárí. Ẹran ni mi ò lè ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀, ọwọ́ mi kọ́ ló wà mọ́.